Bàbá kò ní in, ìyá kò ní in: níbo ni ọmọ ti jogún awọ tí ń lé ròrò?

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ní àgbàlá kan ní Òkèlérin, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì tẹ́ ọmọ tuntun lé ojúgun gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún gbogbo ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wà nínú abọ́, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó ti fi kànìnkànìn kan gìgísẹ̀ ọmọ, tí ó sì fà á lọ sókè díẹ̀, ṣe ni awọ ibẹ̀ bá kànìnkànìn lọ, bí awọ tòmátì tí a ti rì sínú omi gbígbóná ṣe máa ń bó. Abẹ́ rẹ̀ pupa fòò, ó sì ń rin. Wọ́n ní omi ló gbóná jù. Lọ́jọ́ kejì, omi tútù ni wọ́n lò, wọn kò sì jẹ́ kí kànìnkànìn kàn án rárá, síbẹ̀ abíyá rẹ̀ méjèèjì, níbi tí wọ́n ti dì í mú gbé sókè, ti lé ròrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìbéèrè kò pẹ́ dé. Wọ́n bi bàbá ọmọ bóyá irú rẹ̀ wà ní ìdílé wọn, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n bi ìyá ọmọ, òun náà ní kò sí. Ẹnìkan ní ilẹ̀gbóná ni, ẹlòmíràn ní bóyá ìyá ọmọ jẹ ohun tí kò yẹ kí ó jẹ nígbà tí ó wà nínú oyún. Nígbà tí dókítà wá sọ fún wọn pé àrùn àjogúnbá ni, ṣe ni ọ̀rọ̀ náà tún dojú rú sí i, nítorí pé ẹni tí a bá jogún nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí nǹkan náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn ṣe lè jogún ohun tí kò hàn lára bàbá tàbí ìyá, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé ní ìdílé mìíràn ẹ̀wẹ̀, àrùn tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà hàn gbangba láti orí bàbá àgbà dé orí ọmọ-ọmọ, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Epidermolysis bullosa ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn yìí, EB ní ìkékúrú. Koebner, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó fún un ní orúkọ náà ní ọdún 1886. Ìtumọ̀ orúkọ náà kò ju pé awọ òkè ń tú, ó sì ń lé ròrò lọ. Àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni: ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rí nǹkan bí 20 nínú mílíọ̀nù kan ọmọ tí a bí. Kì í ràn, ìbáà jẹ́ nípa ìfọwọ́kàn, oúnjẹ àjọjẹ tàbí aṣọ àjọwọ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ní oríṣi tó le jù nínú rẹ̀, àpá á bo orí àpá títí ìka ọwọ́ yóò fi lẹ̀ mọ́ra wọn, tí ọwọ́ yóò sì dà bí ẹ̀ṣẹ́ dídì. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ẹ̀tẹ̀ dáadáa, àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ibùdó ìtọ́jú sílẹ̀ fún un níbẹ̀ láti ìgbà àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, nítorí náà kò ṣòro kí ojú àwọn ènìyàn ṣi ọ̀kan fún èkejì. Kòkòrò ni ó ń fa ẹ̀tẹ̀, oògùn sì ń wò ó sàn. EB kò ní kòkòrò kankan nínú, inú iṣẹ́ ọwọ́ ara fúnra rẹ̀ ni àléébù rẹ̀ wà.

Kí a tó dé orí ogún jíjẹ, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń tú. Ẹ wo àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí a rẹ́ ní sìmẹ́ńtì. Birikìlà tó mọṣẹ́ kì í kàn da sìmẹ́ńtì lé ògiri amọ̀ tó ń dán. Yóò kọ́kọ́ ṣá ògiri náà káàkiri, àwọn mìíràn a tún kan ìṣó mọ́ ọn kí orí rẹ̀ yọ síta, kí sìmẹ́ńtì lè rí ohun dì mú. Awọ ara wa jọ bẹ́ẹ̀. Awọ òkè ni sìmẹ́ńtì, awọ ìsàlẹ̀ tó nípọn ni ògiri amọ̀, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dà bí bébà sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú awọ òkè, okùn wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní kẹ́rátíìnì ni ó so inú rẹ̀ ró. Nínú bébà àárín, ohun kan tó ń jẹ́ láámínì ni ó ń ṣe bí àtè. Láti abẹ́ bébà náà wọ inú awọ ìsàlẹ̀, okùn kúkúrú tó nípọn, kọ́lájìn keje, ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìṣó.

Bí kẹ́rátíìnì bá jẹ́ aláìlera, sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ni yóò fọ́ wúruwùru láti inú, èyí ni oríṣi EB tí wọ́n ń pè ní simplex. Bí àtè kò bá mú, sìmẹ́ńtì yóò ṣí kúrò lára ògiri lódidi, èyí ni junctional. Bí ó bá jẹ́ ìṣó ni kò sí tàbí tí kò lágbára, ibi tó ń tú yóò jìn wọ ara ògiri, egbò rẹ̀ yóò sì máa fi àpá sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá jiná, èyí ni dystrophic. Ó tún ku ẹ̀kẹrin, ti Kindler, tí kò wọ́pọ̀ rárá, nínú èyí tí awọ lè tú ní ipele tó ju ẹyọ kan lọ. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Jíìnì ni ìlànà tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò wọ̀nyí. Ẹ fi wé ìwé kékeré tí a kọ ọ̀nà sísè ọbẹ̀ kan ṣoṣo sí: ìwé kẹ́rátíìnì wà lọ́tọ̀, ti àtè wà lọ́tọ̀, ti ìṣó náà wà lọ́tọ̀. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù wa ní nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn jíìnì tí ọ̀rọ̀ kàn jù ni KRT5 àti KRT14 fún kẹ́rátíìnì, LAMA3, LAMB3 àti LAMC2 fún àtè láámínì, àti COL7A1 fún kọ́lájìn keje. Ohun tó yẹ kí a dì mú ni pé orúkọ kan náà ni EB, ṣùgbọ́n àṣìkọ nínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń fa oríṣi kọ̀ọ̀kan, àti pé bí àṣìkọ náà ṣe ń bá ìdílé rìn yàtọ̀ láti ìwé dé ìwé.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò ẹ̀dà méjì yìí. Kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbéyàwó ní ìgbà tiwa tí wọn kì í bi léèrè jínótáìpù rẹ̀, yálà AA ni tàbí AS. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tó jẹ́ AS kò ní àìsàn kankan lára, ẹ̀dà kan tó dára ń ṣe iṣẹ́ tó tó fún un, ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SS. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni EB onítàtè (junctional) rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni oríṣi tó le jù nínú EB oníṣó (dystrophic). Bàbá ọmọ náà ní ẹ̀dà kan tó dára àti ọ̀kan tó ní àṣìkọ, ìyá ọmọ rí bákan náà, awọ àwọn méjèèjì sì ń dán. Ọmọ wá mú èyí tó ní àṣìkọ lọ́wọ́ bàbá, ó tún mú èyí tó ní àṣìkọ lọ́wọ́ ìyá, kò sì sí ẹ̀dà tó dára kankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí bàbá àti ìyá ní àgbàlá Òkèlérin sọ pé irú rẹ̀ kò sí ní ìdílé àwọn, wọn kò purọ́. Àrùn ni kò sí, àṣìkọ wà.

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni AS, torí pé AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le, ó sì ti tàn kálẹ̀ láàárín wa láti ìran dé ìran. Àṣìkọ EB kò ní irú èrè bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn tó gbé e pamọ́ sára kò pọ̀, ó sì ṣòro kí méjì nínú wọn pàdé ara wọn. Níbi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń fi ọmọ fún ara wọn fẹ́ ni ó ti ń rọrùn jù. Òfin àwọn baba wa pé ìbátan kò gbọdọ̀ fẹ́ ìbátan ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là lọ́wọ́ ohun tí àwọn baba náà kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwádìí ìdílé tí à ń ṣe kí a tó ṣe ìdána, nígbà tí àwọn àgbà á máa bèèrè lábẹ́lẹ̀ bóyá ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí wèrè wà ní ilé àna, kò lè rí irú EB yìí. Ohun tó hàn lára ènìyàn nìkan ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń rí. Àṣìkọ tó fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀dà tó dára lè ti wà nínú ìdílé láti ìran mẹ́wàá wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé ròrò.

Bí bàbá àti ìyá bá gbé àṣìkọ náà pamọ́ sára, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí yóò ní EB. Ọ̀rọ̀ yìí gba àlàyé, nítorí pé mo ti gbọ́ tí àwọn òbí ń sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí àkọ́bí àwọn ti ní in, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú kọ́bọ̀ méjì, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá, kí ẹ sọ wọ́n sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjèèjì bá dojú délẹ̀, ọmọ náà ní EB. Bí ọ̀kan bá dojú délẹ̀, ọmọ yóò gbé àṣìkọ náà sára bí ti òbí rẹ̀, láìṣàìsàn. Bí oyún mìíràn bá dé, ẹ ó tún kọ́bọ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ́bọ̀ kò sì rántí bí ó ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó kọjá. Ìdí nìyí tí tọkọtaya kan fi lè bí ọmọ márùn-ún tí gbogbo wọn pé, tí òmíràn yóò sì bí méjì léra wọn pẹ̀lú ìléròrò. Nínú EB onítàtè tó le, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í lo ọdún méjì láyé. Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ léraléra nínú ilé kan, àbíkú ni wọ́n máa ń pè é, mi ò sì bá ẹni tí kò ní maikirosíkóòpù wí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní àgbàlá yẹn, kí a lọ sí oko. Àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé, “Ẹsẹ̀ wa kò gba bàtà.” Bàbá kò lè di ọkọ́ mú fún wákàtí kan kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó lé ròrò, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú, bàbá tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni àwọn kan rí bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó kù kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìkókó, àwọn ìléròrò náà máa ń hàn nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rá tàbí sí í rìn. Kì í pààyàn, kì í sì sábà fi àpá sílẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ wọn kò dé ọ̀dọ̀ dókítà rí. EB oníkẹ́rátíìnì (simplex) ni èyí, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ní àṣìkọ sì tó láti fà á. Ẹni tó ní in, ìdajì ni àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí yóò mú un, yálà ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìwádìí ìdílé àwọn àgbà lè rí irú èyí dáadáa. Ní ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé inú jíìnì KRT14 ni àṣìkọ rẹ̀ wà, òun sì ni oríṣi EB tí wọ́n kọ́kọ́ mọ jíìnì rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀dà kan tó dára fi tó fún àtè, tí kò sì tó fún kẹ́rátíìnì? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rú àwọn ènìyàn lójú jù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti dùn mọ́ mi jù. Ẹ rò ó báyìí: òṣìṣẹ́ méjì ni birikìlà gbà. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá síbi iṣẹ́ rárá, èyí tó wá yóò ṣe ìdajì iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdajì tó ṣe yóò dára. Bí ọ̀kan bá wá, tí ó ń po yanrìn lásán láì fi sìmẹ́ńtì sí i, tí ó sì ń dà á mọ́ èyí tí ẹnìkejì rẹ̀ pò dáadáa, gbogbo rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Ẹni tí kò wá sàn ju ẹni tó wá tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ lọ. Kẹ́rátíìnì jẹ́ okùn tí a ń lọ́ pọ̀, KRT5 ń mú fọ́nrán tirẹ̀ wá, KRT14 ń mú tirẹ̀ wá, wọ́n á sì wé mọ́ra. Fọ́nrán tó ní àbùkù kì í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wọ inú okùn, okùn náà á sì já nígbà tí nǹkan bá gbọ̀n ọ́n.

Kọ́lájìn keje jẹ́ kí ó hàn kedere jù lọ, nítorí pé jíìnì kan ṣoṣo rẹ̀, COL7A1, ń fa àrùn ní ọ̀nà méjèèjì, èyí tó gba ẹ̀dà méjì àti èyí tí ẹ̀dà kan ń fà. Ìṣó kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́nrán mẹ́ta tí a hun pọ̀, bí onídìrí ṣe ń pa ìṣù irun mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan. Bí ẹ̀dà kan bá dákẹ́ pátápátá, tí kò ṣe fọ́nrán kankan, gbogbo fọ́nrán tó wà yóò jẹ́ ti ẹ̀dà tó dára, ìṣó yóò dín kù sí ìdajì, ìdajì náà sì tó. Ẹni yẹn kò ní àìsàn. Bí ẹ̀dà kan bá ń ṣe fọ́nrán tó wọ́ ní tirẹ̀, ìdajì fọ́nrán inú ara ni yóò wọ́, ara kò sì mọ èyí tí kò yẹ kí òun mú. Bí ẹ bá ń mú fọ́nrán mẹ́ta mẹ́ta láìwòye, ọ̀nà mẹ́jọ ni ó lè gbà bọ́ sí yín lọ́wọ́, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì jẹ́ dáadáa. Nínú ìṣó mẹ́jọ, méje ni fọ́nrán tó wọ́ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ fi ń fa àrùn láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Síbẹ̀, níwọ̀n bí ìṣó wà, àní bí kò bá lágbára, àìsàn náà kì í sábà le tó ti ọmọ tí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì dákẹ́, tí kò ní ìṣó rárá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìka ọwọ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra, tí ọ̀fun rẹ̀ ń fún, tí jẹjẹrẹ awọ sì máa ń mú un nígbà tí ó bá dàgbà díẹ̀.

Ọ̀nà kẹta tún wà, ó sì yẹ kí àwọn àna mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó padà. Nígbà mìíràn, irú EB tí ẹ̀dà kan ń fà yóò yọ lára ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ní in, tí wọn kò sì gbé e pamọ́. Nígbà tí ara bàbá ń ṣe àtọ̀, tàbí tí ti ìyá ń ṣe ẹyin, gbogbo ìwé ìlànà ni a máa ń dà kọ, àdàkọ kan sì lè ṣìkọ ní ẹ̀ẹ̀kan yẹn. Kò fi hàn pé ìyá ọmọ rin ìrìn kankan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ohun tí ó jẹ. Ọmọ náà ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ìdílé, láti orí rẹ̀ ni ìdajì sí ìdajì yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òun náà bá di òbí.

Ojú lásán kò lè sọ oríṣi tí ọmọ tuntun ní, dókítà pàápàá kì í lè fi wíwò nìkan mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé gbogbo ìléròrò jọra. Wọ́n á gé awọ bíńtín láti wo ipele tí ó ti ń tú, tàbí kí wọ́n yẹ jíìnì wò nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń sọ ìwé tí àṣìkọ wà àti bí ó ṣe ń bá ìdílé rìn. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àfẹnusọ nìkan mọ́. Ní ọdún 2017, àwọn oníṣègùn ní Jámánì àti Ítálì ròyìn ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan tí àṣìkọ LAMB3 ti bó ọ̀pọ̀ awọ rẹ̀: wọ́n mú awọ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi ẹ̀dà tó dára sínú rẹ̀, wọ́n mú kí ó gbilẹ̀, wọ́n sì fi bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. Ní ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí à ń kán sójú egbò, tó ń gbé ẹ̀dà COL7A1 tó dára wọ inú awọ. Fún EB oníṣó ni, kò lè ran ẹni tí àtè tàbí kẹ́rátíìnì rẹ̀ ni kò dára lọ́wọ́. Owó rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó tíì súnmọ́ wa.

Ohun tó súnmọ́ wa ni ìtọ́jú ojoojúmọ́. A kì í gbé ọmọ náà ní abíyá, abẹ́ ìdí àti ẹ̀yìn orí ni a ti ń gbé e, pẹ̀lú tìmùtìmù tó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kànìnkànìn, nínà ẹsẹ̀ àti nínà apá, àti jíju ọmọ sókè lẹ́yìn ìwẹ̀ kò sí nínú tirẹ̀. Bí ibi kan bá lé ròrò, abẹ́rẹ́ tí kò ní ìdọ̀tí ni a fi ń lu ú kí omi rẹ̀ jáde, kí ó má baà fẹ̀ sí i, a ó sì fi awọ orí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó bo egbò náà. Pílásítà tí ń lẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀.

Ní àgbàlá Òkèlérin, àbúrò ìyá ọmọ náà tí ó ń múra ìgbéyàwó ni ó béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání jù lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ náà ń bọ̀. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àṣìkọ náà pamọ́ sára, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn ni ó ti rí i, nítorí náà ìdajì ni àǹfààní pé òun náà gbé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ gbé e, ọmọ rẹ̀ kò lè ní EB yìí àfi bí ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ bá gbé àṣìkọ nínú jíìnì kan náà, ẹni náà sì wá láti ìlú mìíràn, kò bá wọn tan. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún àṣìkọ kan ṣoṣo tí wọ́n ti mọ̀ lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tó rọrùn gan-an ju wíwá ohun tí a kò mọ ibi tó wà. Bí wọn kò bá rí i lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ fún òun àti fún àwọn ọmọ rẹ̀.